Ta Ló Ń Wa Máṣíìnì Mi Láìsí Aṣọ Lórí Rẹ̀?

Má gbé àga fún mi. Mo ní má gbé àga fún mi, orí ìdúró ni mo ti máa sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, torí tí mo bá fi lè jókòó báyìí, wàá lọ bu omi tútù wá, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ọ̀rọ̀ á di ẹ̀rín, èmi náà á sì gbàgbé ohun tó gbé mi wá. Tòní kọ́. Ìwọ ọmọ ìyá mi, ìwọ tí mo pọ̀n títí ọ̀já fi gbó lára mi, ìwọ lo fi ọmọ mi pa mọ́ sínú pálọ̀ rẹ, o fa kọ́tìnnì, ò ń fi káríókè kọ́ ọ lórin lẹ́yìn mi, o sì gbé ọkọ rẹ lé orí máṣíìnì mi, tó ń wà á láìsí òwú, láìsí aṣọ. Kí ni mo ṣe fún yín? Mo ní kí ni mo ṣe fún yín gan-an?

Má wo ẹnu ọ̀nà yàrá. Mo rí ọmọ mi nígbà tó sá wọlé tó tilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn ọmọ tó kù ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kódà ọkọ rẹ náà pẹ̀lú ikùn rẹ̀ ti bá wọn lọ. Ìwọ nìkan ló kù fún mi, ìwọ náà ni mo sì ń bá wí.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà sọ pé mo kàn já wọlé bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó ti pẹ́ tí ara ti ń fu mí. Àbí o rò pé mi ò mọ nǹkan tó ń lọ? Láti ìgbà tí Wúyẹ́ ti ń wá síbí ní gbogbo Sátidé ni ara ti ń fu mí. Ọmọ tí mo bí fúnra mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí gbogbo wa sọ ní Wúyẹ́ torí pé kì í sọ̀rọ̀ kó dún ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ, ọmọ tó jẹ́ pé tí tíṣà bá pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, ọwọ́ ló máa nà sókè dípò kó dáhùn. Ọmọ yẹn ló dédé wá bá mi pé òun fẹ́ máa lọ bá àǹtí òun fọṣọ. Mo wò ó lókè, mo wò ó nílẹ̀. Mo ní fọṣọ? Ìwọ tí mo máa ń bẹ̀ kí o tó fọ ṣíbí kan? Ó ní aṣọ ló pọ̀ lọ́dọ̀ àǹtí òun. Mo ní kò burú, máa lọ.

Ó lọ, ó dé. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ kí i, mo wo ìka rẹ̀. Ẹni tó fọṣọ látàárọ̀, ṣé kò yẹ kí ìka rẹ̀ hun jọ ni? Ìka ọmọ yìí gbẹ, ó ń dán. Mo ní nínú ara mi pé ẹ máa bá a lọ, ojú mi ń bẹ lára yín.

Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ omi bẹ̀rẹ̀. Á wọ balùwẹ̀, á ṣí ẹ̀rọ omi, omi á máa ya sínú báàkẹ́ẹ̀tì, báàkẹ́ẹ̀tì á kún, omi á máa ṣàn dànù, kò ní tì í. Mo yọ́ lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Lábẹ́ ariwo omi yẹn, mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan tó ń kọrin. Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn báyìí. Bí etí mi ṣe kan pákó báyìí ló dákẹ́. Mo ní ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ó ní kò sẹ́nìkan. Mo ní mo gbọ́ ohùn. Ó ní omi ni, màmá. Omi. Ó wò mí lójú, ó ní omi ni.

Bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, orin kan náà. O sì mọ etí mi. Èmi tí mo ṣe adárin nínú ẹgbẹ́ akọrin títí mo fi lóyún ọmọ yẹn, ohùn kan ò lè yà lọ́nà ní ilé kẹta kí n má mọ̀. Ìwọ̀nba tí mo rí gbọ́ nínú orin yẹn, ó tó láti kó ìrònú bá èèyàn. Kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Ó kàn ń lọ bọ́rọ́bọ́rọ́ lójú kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ ní àsọtúnsọ, dúró dè mí, mò ń bọ̀, dúró dè mí, mò ń bọ̀. Ta ló ń dúró? Níbo ló ń bọ̀? Ta ló máa ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ tí kò bá ní ohun tó ń pa mọ́? Mo ní ọkùnrin kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní àmì ni wọ́n fi orin yẹn ṣe, ẹnìkan ló lúgọ sẹ́yìn fèrèsé balùwẹ̀ tó ń gbọ́ ọ. Mo yí lọ sẹ́yìn ilé. Ológbò ni mo bá níbẹ̀. Ológbò yẹn wò mí tìfuratìfura, èmi náà wò ó bẹ́ẹ̀, mo padà sílé.

Mo tú báàgì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tú u, ṣé èmi kọ́ ni mo rà á ni? Súìtì tútù ni mo bá níbẹ̀, irú èyí tí èèyàn máa ń lá tí ọ̀fun bá ń dùn ún. Ọ̀fun ò sì dun ọmọ yẹn. Ta ló fún un? Kí ló fẹ́ fi ọ̀fun ṣe tó ń tọ́jú rẹ̀?

Àárín ìgbà yẹn ni ìwọ náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé o rántí? O dúró ti tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ò ń fọwọ́ pa aṣọ oníbàárà, o ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yá mi ní máṣíìnì yín àtijọ́ yẹn, èyí tẹ́ ẹ kì í lò mọ́, mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ránṣọ. Ìwọ. Ìwọ tó jẹ́ pé tí bọ́tìnnì bá já lára aṣọ rẹ, píìnì lo máa fi há a títí aṣọ náà á fi gbó. Mo ní kí o wá gbé e, ọkọ rẹ fi ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wá gbé e. Ẹ ò tíì yà ní kọ́nà tí mo ti ń rò ó. Máṣíìnì mi ti dé ilé rẹ. Ọmọ mi, tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ láti kékeré, wà nílé rẹ ní gbogbo Sátidé. Àwọn oníbàárà mi kan ò sì yọjú mọ́. Ṣé kò wá bára mu ni? Mo ní háà, ó ti yé mi, wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sínú pálọ̀, ọmọ ìyá mi ló ń fi ọwọ́ ọmọ mi àti máṣíìnì mi gba oníbàárà mọ́ mi lọ́wọ́. Má rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo máa rò?

Ìyàwó oníbúrẹ́dì ló wá tú àṣírí yín láàárọ̀ yìí, òun náà ò sì mọ̀ pé òun tú u. Ó wá wọ aṣọ rẹ̀ wò. Mo wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mò ń mú ìsàlẹ̀ yẹ̀rì, píìnì kún ẹnu mi. Obìnrin yìí kàn ń sọ̀rọ̀ lọ lókè orí mi, ó ní ìyá Wúyẹ́, ohùn ọmọ yín mà dùn o. Ó ní ọmọ òun tí wọ́n jọ ń lọ síbi káríókè ò yé sọ ọ́, ó ní òun náà dúró gbọ́ ọ níjọ́ tí òun wá mú ọmọ òun, omi sì bọ́ lójú òun. Díẹ̀ ló kù kí n gbé píìnì mì. Ohùn ọmọ ta ni? Wúyẹ́ tèmi? Mi ò lè béèrè, píìnì wà lẹ́nu mi, ojú sì ń tì mí pé kó má baà mọ̀ pé mi ò mọ̀. Mo kàn ń mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ọ sú. Ìyàwó oníbúrẹ́dì gbọ́ ọmọ mi, ó sunkún. Èmi ìyá tó bí i, omi ni mo gbọ́.

Mo ní kó bọ́ aṣọ, kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mi ò gba iwájú ilé yín torí ẹ máa rí mi, ẹ̀yìn ni mo gbà, mo dé abẹ́ fèrèsé yìí. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni máṣíìnì mi. Mo mọ̀ ọ́n, ó máa ń ké wíín tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, mo ti ń bá ìké yẹn gbé kí n tó mọ bàbá Wúyẹ́. Mo ní ó tán, ọwọ́ mi tẹ̀ yín, wọ́n ti ń ránṣọ lọ́wọ́. Kọ́tìnnì rẹ ò sì dé igun. Mo yọjú.

Kí ni mo rí? Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n rẹ ń kọ ọ̀rọ̀ orin gàdàgbà gàdàgbà, sípíkà ń gbé orin jáde láìsí akọrin kankan nínú rẹ̀, ìwọ dúró láàárín, ò ń ju ọwọ́ kiri bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ọmọ mi kọjú sí ògiri. Ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo yín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di máìkì mú bí ẹni di ife tíì gbígbóná mú. Ọkọ rẹ, àgbàlagbà, ẹni tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ iná lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè ní ọ̀gá, ó jókòó ti máṣíìnì mi, ó ń wà á, ó ń làágùn. Mo wo abẹ́ abẹ́rẹ́, kò sí aṣọ. Mo wo ibi òwú, kò sí òwú. Afẹ́fẹ́ ló ń rán. Mo ní ẹ gbà mí o, èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni ọkùnrin yìí ń sín jẹ, wọ́n kó àwọn ọmọ jọ kí wọ́n wá fi iṣẹ́ ọwọ́ mi rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí mo fi gbá ilẹ̀kùn wọlé nìyẹn. Orin yẹn gan-an, kí n má parọ́, mi ò gbọ́ ọ, inú tó ń bí mi ti dí mi létí. Ọkọ rẹ wò mí, ó ní ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n, kò sì dá ẹsẹ̀ dúró. Mo ti wọlé tán, mo ti ń pariwo, àwọn ọmọ ti ń sá, ọkùnrin yẹn ṣì ń wa máṣíìnì. Ta ló ní kó má dúró? Ìwọ ni? Kí ló fà á tí kò gbọdọ̀ dúró? Dá mi lóhùn, ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Má bẹ̀rẹ̀ látorí káríókè, mo ní máṣíìnì. Ó dáa, sọ ti káríókè náà, ṣáà ṣe kíá.

Ẹn-ẹ́n. O ní àwọn ọmọ tí ẹ̀rù orin ń bà lo kó jọ. O ní orin tó rọrùn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí ohùn rẹ̀ ò jìnnà síra, tí ọmọ ò ní máa na ọrùn kó tó bá a. Èyí tí ègbè rẹ̀ pọ̀, kí ẹni tójú ń tì lè fara pa mọ́ sáàárín ohùn àwọn yòókù. Èyí tó dà bí ọ̀rọ̀ lásán, tó jẹ́ pé tí ohùn ò bá tilẹ̀ jáde, ọmọ lè máa sọ ọ́ kó máa pàtẹ́wọ́ sí i. Mo gbọ́. Orin tó rọrùn, kò burú fún ọmọ oníbúrẹ́dì. Ta ló wá sọ fún ẹ pé ọmọ tèmi nílò rẹ̀? Ọmọ tí mo bí sínú orin? Kò tíì tó ilé ìwé lọ tó ti ń jókòó sábẹ́ tábìlì mi, á máa kó àkísà jọ, á máa kọrin, orin gidi, orin tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, àwọn oníbàárà á gbàgbé pé wọ́n fẹ́ máa lọ. Níbo ni ohùn yẹn wọlẹ̀ sí? Mi ò yé bi ara mi. Mo fura sí ilé ìwé. Mo fura sí tíṣà rẹ̀ onímú gígùn yẹn. Mo fura sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo tiẹ̀ fura sí òtútù. Ẹnìkan ló ṣe ọmọ yẹn, ẹnìkan ló tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ lójú rẹ̀, níjọ́ tí mo bá sì mọ onítọ̀hún, mo fi ìyá tó bí èmi àtìwọ búra, mi ò ní fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Kí lò ń wo ilẹ̀ fún?

O mọ ẹni náà. Wo ojú rẹ, o mọ̀ ọ́n. Ó sọ fún ẹ, kò sọ fún mi. Dárúkọ rẹ̀ kí n lọ bá a nílé. Ṣé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó sá jáde yẹn ni? Má nawọ́ sí máṣíìnì, mo ti fi máṣíìnì sílẹ̀, ẹni tó ba ọmọ mi lóhùn jẹ́ ni mò ń bi ẹ́.

O ní kí ni?

Tún un sọ. Rọra sọ ọ́, ó lè máa gbọ́ wa nínú yàrá.

O ní ó sọ fún ẹ pé lọ́dọ̀ mi, tí òun bá ń kọrin, tí máṣíìnì bá ń lọ, òun mọ̀ pé orin ń lọ déédéé. Tí máṣíìnì bá ti dúró, òun mọ̀ pé òun ti ṣì í. O ní ó sọ pé ó ti pọ̀ jù, ó ti di pé kí òun tó la ẹnu lòun ti ń retí kó dúró. O ní òun ló bẹ̀ yín pé kí ẹ wá máṣíìnì kan tí kò ní dúró.

Irọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọmọ yẹn rí nípa orin, lọ bi í. Ṣé mo bú u rí? Ṣé mo ní kó dákẹ́ rí? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, nígbà tó jẹ́ píìnì ló máa ń kún un? Máṣíìnì máa ń dúró torí òwú já. Ó máa ń dúró torí mo fẹ́ yí aṣọ. Télọ̀ wo ni kì í dúró? Ṣé kí n máa rán an lọ títí tí màá fi rán an mọ́ ògiri ni? Lóòótọ́, tí ohùn kan bá yà lọ́nà, ẹsẹ̀ mi máa ń dúró fúnra rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìbáwí. Etí ni, bí etí mi ṣe rí nìyẹn, bó bá ti gbọ́ ohùn tó yà, ẹsẹ̀ ò ní lè lọ mọ́, màá wá gbé e dúró bẹ́ẹ̀, màá máa retí kí ohùn yẹn padà sọ́nà kí èmi náà tó máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Kì í sì í padà. Ó máa ń dákẹ́ ni. Mo máa ń rò pé orin ló tán.

Gbé àga yẹn wá. Mi ò fẹ́ omi.

Má rò pé mi ò bínú sí ẹ mọ́ o. Inú ń bí mi gan-an ni. O mọ̀ ọ́n, o jókòó lé e, ò ń wá jẹun nílé mi, ò ń wo ojú mi. Kí ló dé tí o ò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí n má mọ̀? Ó ní bí mo bá fi lè gbọ́, òun ò tún ní kọrin mọ́? Mo sì ti wá gbá ilẹ̀kùn wọlé báyìí. Ṣé ohun tí ò ń sọ fún mi ni pé ó parí nìyẹn? Lọ kan ilẹ̀kùn. Lọ, ìwọ ló máa dá lóhùn.

Kí ló wí? Mo gbọ́, mo gbọ́. Òun ò kọrin mọ́ láéláé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn máa sọ̀rọ̀ tó máa dé etí mi láti yàrá nìyẹn.

Ṣé o rí ìyà tẹ́ ẹ fi jẹ mí báyìí? Kì í ṣe ti máṣíìnì. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ohùn ọmọ mi. Ìwọ gbọ́ ọ. Ìyàwó oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ. Ọkọ rẹ, tí kò mọ orin kan yàtọ̀ sí ariwo jẹnẹrétọ̀, jókòó gbọ́ ọ ní gbogbo Sátidé. Kódà ológbò gbọ́ ọ. Èmi nìkan ló kù. Mo fẹ́ gbọ́ ọ, ọmọ ìyá mi. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Yí máṣíìnì yẹn sọ́dọ̀ mi. Ọkọ rẹ ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n wà, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń pa aáyán, ó yà mí lẹ́nu pé ọmọ ríbi gbé ẹsẹ̀ orin lé. Wò ó, báyìí ni wọ́n ṣe ń wà á, kó máa lọ jẹ́jẹ́. Tí oníbàárà mi kan bá lọ yọjú lójú fèrèsé yẹn báyìí, á ní orí ìyá Wúyẹ́ ti dàrú, ó ń rán afẹ́fẹ́. Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi.

Tẹ káríókè yẹn. Orin mò ń bọ̀ mò ń bọ̀ yẹn náà, má lọ wá èyí tó le. Má ní kó ṣílẹ̀kùn. Kó kọ ọ́ látinú yàrá, kó kọjú sí ògiri, kó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó bá wù ú. Sọ fún un pé màmá rẹ̀ ló wà lórí máṣíìnì. Rárá, má sọ fún un, ó mọ ẹsẹ̀ mi.

Ṣé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí yẹn? Àbí ẹ tún ń dọ́gbọ́n kan sí mi? Mo rí òjìji ẹsẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Má wò ó, má jẹ́ kó mọ̀ pé a rí i. Píìnì wà nínú àpò aṣọ mi lápá ọ̀tún, bù ú fún mi, mo mọ ara mi, tí n kò bá fi nǹkan dí ẹnu yìí, á sọ̀rọ̀. Tí ohùn bá yà, kó yà. Tí abẹ́rẹ́ bá kán, kó kán. Ẹsẹ̀ yìí ò ní dúró títí orin yẹn á fi tán. Mú píìnì wá.